Leo Frobenius: Ará Jámánì tó fẹ́ gbé Orí Olókun lọ

Orí Olókun kì í ṣe orúkọ àjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Àjọwá, Ìkàrẹ́, Ọ̀kà àti agbègbè wọn. Òun náà ni ẹgbẹ́ òṣèré tí Ọlá Rótìmí bá ṣiṣẹ́ n'Ífẹ̀ ń jẹ́ láyé ọjọ́un. Àmọ́ ẹni tó sọ orí idẹ yìí di olókìkí lágbàáyé kì í ṣe ọmọ Ifẹ̀. Ará Jámánì ni, díẹ̀ ló sì kù kó gbé e lọ pátápátá.

Ìlú Berlin ni wọ́n bí Leo Frobenius sí lọ́dún 1873. Ọ̀gá sójà ni bàbá rẹ̀. Ìwé tó kọ kí wọ́n lè fún un lóyè ọ̀mọ̀wé, yunifásítì ò gbà á, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dá a dúró. Lọ́dún 1904 ló kọ́kọ́ lọ sí Kóńgò, kò sì ṣíwọ́ àtimáa wá sí Áfíríkà títí di ọdún 1935.

Ìparí ọdún 1910 ló dé Ifẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀ nínú igbó Olókun, ó ń ra èyí tó bá rí rà, ó sì kó àwọn orí alámọ̀ jọ. Níbẹ̀ ló ti rí orí ọba kan tí wọ́n fi idẹ rọ, adé wà lórí rẹ̀. Pọ́ùn 6 àti ìgò ọtí wisikí kan ló san fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, ta ló fún olùtọ́jú láṣẹ láti ta ohun ìní gbogbo ìlú? Ohun tí aráàlú bèèrè nìyẹn. Ọ̀ọ̀ni fẹjọ́ sùn, Partridge tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì n'Ìbàdàn dá Frobenius padà sí Ifẹ̀, wọ́n jókòó gbẹ́jọ́, ó sì di dandan kó dá orí náà padà. Síbẹ̀, àwọn orí alámọ̀ kan bá a dé Jámánì.

Ohun tó kọ lẹ́yìn náà ló ká èmi lára jù. Ó yin iṣẹ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n kò gbà pé ọwọ́ aláwọ̀ dúdú ló ṣe é. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ló wá tẹ̀dó síbí, pé ilẹ̀ Yorùbá ni Atlantis tí wọ́n ní omi bò mọ́lẹ̀. Ẹ̀rín ń pani! Bẹ́ẹ̀, nínú ìwé ọkùnrin yìí kan náà ni Léopold Senghor, tó padà di Ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gà, ti rí ìdí tí aláwọ̀ dúdú fi lè yangàn pé òun ní ọ̀làjú tòun.

Oṣù kẹjọ ọdún 1938 ni Frobenius kú ní Ítálì. Lọ́dún yẹn gan-an, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọ̀ọ̀ni, ni wọ́n bá kan àwọn orí idẹ tó lé ní mẹ́wàá. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn nílẹ̀, ọ̀rọ̀ Gíríìsì ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́.

Orí Olókun fúnra rẹ̀ wá di ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní kì í ṣe ọ̀nà ìda, níbi tí wọ́n ti ń fi ìda mọ ère, tí wọ́n á fi amọ̀ bò ó, tí wọ́n á yọ́ ìda jáde kí wọ́n tó da idẹ sí i, ni wọ́n fi ṣe èyí. Iyanrìn ni wọ́n fi dà á, àdàkọ ni. Ariwo sọ pé ojúlówó wà níbì kan lókè òkun. Wọlé Ṣóyínká àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tiẹ̀ wá a dé Brazil, àdàkọ lásán ni wọ́n gbé bọ̀.

Ọdún 2013 ni àwọn onímọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Lọ́ńdọ̀nù kan náà kọ ọ́ síta pé àwọn ti tún un yẹ̀ wò, ó sì jọ pé èyí tó wà n'Ífẹ̀ látọjọ́ yìí ni ojúlówó. Frobenius ti wà nínú ilẹ̀ fún ọdún 75.