Harry Ricardo, Ẹni tí ó Wá Ibi tí Iná Yẹ Kí ó Wà

Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ jó igbó oko rẹ̀ a kọ́kọ́ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá kí ó tó ṣáná sí i, nítorí ibi tí a bá ti dáná ni yóò sọ bí igbó yóò ṣe jó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rí. Irin kékeré kan tí à ń pè ní púlọ́ọ̀gì ni ó máa ń ṣáná sí epo bẹntiróòlù tí ó ti pò mọ́ afẹ́fẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́ aráyé pé ibi tí púlọ́ọ̀gì wà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni Harry Ricardo, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a ti bí i ní ọjọ́ 26 oṣù Jánúárì, ọdún 1885. Ayàwòrán-ilé ni baba rẹ̀. Baba ìyá rẹ̀ sì jẹ́ gbajúmọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe afárá àti ojú irin. Nígbà tí Ricardo wà ní Yunifásítì Cambridge, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìdíje láti mọ ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ yóò rìn jìnnà jù lọ pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́rin gálọ́ọ̀nù epo. Alùpùpù tí Ricardo fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe rin máìlì 40, ó sì gba ipò kìn-ín-ní. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bertram Hopkinson rí ẹ̀bùn tí ó wà lára rẹ̀, ó sì mú un mọ́ra láti máa wádìí bí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí ó jáde, ó wọ ilé-iṣẹ́ baba ìyá rẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ dájú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ní ọdún 1915 ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Ní ọdún 1916, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ọkọ̀ ogun onírin lọ sójú ìjà, ṣùgbọ́n èéfín ẹ́ńjìnnì wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń tú àṣírí wọn fún ọ̀tá. Ẹ̀mí àwọn ọmọ ogun inú wọn wà nínú ewu. Ricardo ṣe ẹ́ńjìnnì mìíràn tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 150, tí kì í sì í rú èéfín bẹ́ẹ̀. Òun ni ó wà nínú àwọn ọkọ̀ ogun tí wọ́n kó jáde ní ọdún 1918. Ní ọdún yẹn kan náà ni Hopkinson, olùkọ́ rẹ̀, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú.

Ricardo kò jẹ́ kí iṣẹ́ tí olùkọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kú. Ní Shoreham, létí òkun, ó ṣe àkíyèsí pé bí iná bá ní ọ̀nà jíjìn láti rìn nínú ẹ́ńjìnnì, epo tí ó kù ní ìkángun a gbóná, a sì gbiná fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ni a ó máa gbọ́ ìró bí ẹni ń fi òòlù lu irin, èyí tí ó lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ní ọdún 1919 ó ṣe ìdérí ẹ́ńjìnnì tuntun. Ó kó àyè tí iná ti ń jó jọ sí ojú kan, ó fi púlọ́ọ̀gì sí ibi tí ọ̀nà iná yóò ti kúrú, ó sì jẹ́ kí epo àti afẹ́fẹ́ máa rú bí omi ìṣàn kí iná lè tètè ràn. Ẹ́ńjìnnì olówó pọ́ọ́kú wá ń ṣe iṣẹ́ tí a rò pé olówó ńlá nìkan ni ó lè ṣe é.

Láti inú ẹ̀kọ́ yìí ni a fi lè dáhùn ìbéèrè tí àwọn mẹkáníìkì máa ń bi ara wọn, pé ǹjẹ́ ibi tí púlọ́ọ̀gì kọjú sí já mọ́ nǹkan? Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní ẹnu púlọ́ọ̀gì tí ó tẹ̀ bí ìwọ̀. Bí ẹ̀yìn irin náà bá kọ sí epo tí ń wọlé, ó lè dí iná kékeré náà lọ́wọ́, kí ó sì fa ooru rẹ̀ mu. Nítorí èyí ni àwọn kan tí ń tún ẹ́ńjìnnì eré ìje ṣe fi máa ń fi òrùka bàbà pẹlẹbẹ sí ìdí púlọ́ọ̀gì, kí ojú rẹ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ lè kọ sí ibi tí wọ́n fẹ́. Èrè rẹ̀ kéré. Nínú ọkọ̀ tí a fi ń lọ sí ọjà, bóyá ni a fi lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n níbi tí ìṣẹ́jú àáyá kan ti ń ya ẹni àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹnì kejì, a kì í fojú kéré rẹ̀. Síbẹ̀, ibi tí púlọ́ọ̀gì wà ni bàbá. Ibi tí ó kọjú sí ni ọmọ.

Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè dá Ricardo lọ́lá ní ọdún 1948. Ó kú ní ọjọ́ 18 oṣù Màyí, ọdún 1974, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 89. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kíyè sí i pé ohun tí ojú àwọn ẹlòmíràn ń fò dá ni ọkùnrin yìí fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wò fínnífínní. Abẹ́rẹ́ kò tóbi, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ.