Mósè Mímọ́, Ará Etiópíà: Ọlọ́ṣà tí ó Kọ́ láti Kó Ara Rẹ̀ Níjàánu

Ẹ̀yin ará ọ̀wọ́n tí ẹ ń múra sílẹ̀ de ìrìbọmi, bóyá ẹnìkan wà nínú yín tí inú rẹ̀ máa ń tètè ru, tí ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń yá sí ìjà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa bẹ̀rù pé oníbìínú bí òun kò lè di ọmọ Ọlọ́run. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn Mósè Mímọ́, tí wọ́n ń pè ní Mósè ará Etiópíà. Kì í ṣe wòlíì Mósè tí ó kó àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jáde ni a ń wí. Adúláwọ̀ ni Mósè yìí, ó sì gbé ayé ní ilẹ̀ Égíptì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Bíṣọ́ọ̀bù Palladius, tí òun fúnra rẹ̀ ti bá àwọn mọ́ńkì Égíptì gbé, kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ní nǹkan bí ọdún 420.

Ẹrú ìjòyè kan ni Mósè. Nítorí olè jíjà àti ìwà ipá rẹ̀, olówó rẹ̀ lé e jáde, ó sì di olórí àwọn ọlọ́ṣà. Ní òru ọjọ́ kan, olùṣọ́-àgùntàn kan àti àwọn ajá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ráàyè ṣe ibi tí ó fẹ́ ṣe. Mósè di í sínú, ó ń wá ọkùnrin náà láti pa á. Nígbà tí ó gbọ́ pé ó wà ní òdìkejì odò Náílì, ó di aṣọ rẹ̀ lé orí, ó fi eyín di idà mú, ó sì wẹ odò náà já nígbà tí omi kún. Ọkùnrin náà ti sá pamọ́ sínú iyanrìn. Nígbà tí Mósè kò rí i, ó pa àgbò mẹ́rin, ó so wọ́n pọ̀, ó sì tún lúwẹ̀ẹ́ padà. Ẹ wò ó bí ìbínú ṣe ń ṣe ènìyàn: nítorí ajá tí ó gbó, ẹnìkan fẹ́ pa ẹnìkejì rẹ̀, nígbà tí kò rí i, ẹran tí kò mọ nǹkan kan ni ó forí fá a. Olówó Mósè ti lé e lọ, síbẹ̀ ẹrú ni ó ṣì jẹ́, nítorí ìbínú ti di olówó rẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ọ̀ràn kan gún un ní ọkàn, ó ronú pìwà dà, ó sì lọ sí aginjù Skétísì, tí à ń pè ní Wadi Natrun lónìí, láti di mọ́ńkì. Ní ọjọ́ kan, àwọn olè mẹ́rin já wọ inú ahéré rẹ̀. Wọn kò mọ ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀. Mósè dè wọ́n, ó gbé wọn kọ́ èjìká bí ẹrù koríko, ó sì kó wọn lọ sí ilé ìsìn. Ó bi àwọn ará léèrè ohun tí wọn yóò fi wọ́n ṣe, nítorí kò tọ́ fún un mọ́ láti pa ẹnikẹ́ni lára. Nígbà tí àwọn olè náà mọ̀ pé Mósè olórí ọlọ́ṣà ni, àwọn pẹ̀lú yí padà sí Ọlọ́run. Agbára rẹ̀ kò dín kù. Ẹni tí ó ń darí agbára náà ni ó yí padà.

Ẹ má ṣe rò pé ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀ parí. Àwọn àṣà àtijọ́ dìde sí Mósè, pàápàá ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́ sọ ìrètí nù. Ó tọ àlùfáà Isidore lọ. Bàbá àgbà yìí fi ajá tí ó ti mọ ìsọ̀ alápatà ṣe àpèjúwe fún un. Ajá náà kò ní yé wá, nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ìsọ̀ náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì ju egungun sí i mọ́, ebi yóò lé e lọ. Bákan náà ni ti ìbínú. Ìrìbọmi ń wẹ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ wa nù, ṣùgbọ́n ìtẹ̀sí ọkàn sí ibi ṣì ń kù láti bá jà. Bí èébú tí o fẹ́ sọ kò bá jáde lẹ́nu, egungun kan ni o kò jù sí ajá náà.

Mósè tún wá iṣẹ́ rere fún apá rẹ̀. Ní òru, ó máa ń yí ahéré àwọn mọ́ńkì arúgbó ká, tí ó ń gbé ìkòkò wọn lọ pọn omi sínú wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi sì jìnnà gan-an. Apá tí ó ti fi idà wẹ odò já wá di apá tí ń pọn omi fún aláìlágbára.

Nígbà kan, àwọn àgbà ń ṣe ìpàdé ní Skétísì, wọ́n sì fẹ́ dán an wò. Wọ́n tẹ́ ẹ ní gbangba nítorí àwọ̀ dúdú rẹ̀. Mósè dákẹ́. Nígbà tí wọ́n bi í lẹ́yìn náà bóyá kò dùn ún, ó jẹ́wọ́ pé ọkàn òun dàrú, ṣùgbọ́n òun kò fọhùn. Ẹ fi ọkàn sí èyí. Kí inú ru kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti inú ni ìbínú ti ń dé ẹnu, láti ẹnu ni ó ti ń dé ọwọ́, láti ọwọ́ ni ó ti ń dé orí ìyàwó, ọmọ tàbí aládùúgbò. Ẹnu ọ̀nà ni Mósè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Nígbà mìíràn, wọ́n pè é láti wá dá ẹjọ́ arákùnrin kan tí ó ṣẹ̀. Ó gbé agbọ̀n tí ó ti lu, tí ó kún fún iyanrìn, sẹ́yìn, ó sì wọlé. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ òun fúnra òun ń dà sílẹ̀ lẹ́yìn òun, òun kò sì rí i, síbẹ̀ òun wá dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́. Wọ́n dárí ji arákùnrin náà. Ẹni tí ó bá ń rántí ìdáríjì tirẹ̀ kì í yára bínú sí ẹlòmíràn.

Mósè di àlùfáà, ó sì ní ọmọ ẹ̀yìn 70. Ní nǹkan bí ọdún 405, nígbà tí ó tó ẹni ọdún 75, àwọn jàgídíjàgan gbógun ti Skétísì. Ó ní kí àwọn ará sá lọ, ṣùgbọ́n òun dúró. Ó rántí ọ̀rọ̀ Olúwa nípa ẹni tí ó bá mú idà, kò sì gbé ọwọ́ sókè láti jà. Ibẹ̀ ni wọ́n pa á sí. Ìjọ ń ṣe ìrántí rẹ̀ ní ọjọ́ 28, oṣù kẹjọ.

Ẹ̀yin ará, ní ọjọ́ ìrìbọmi yín ẹ ó kọ Sátánì àti gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òní. Bí inú bá ru, ẹ dákẹ́ ná. Bí ó bá le, ẹ tọ àgbà onígbàgbọ́ lọ, gẹ́gẹ́ bí Mósè ti tọ Isidore lọ. Bí ọwọ́ bá ń yá, ẹ wá ẹni tí ẹ ó bá gbé ẹrù. Sùúrù ni baba ìwà, oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni ó sì ń fún wa ní sùúrù. Mósè Mímọ́, bẹ̀bẹ̀ fún wa.