J. K. Coker: Ìfọkàntán ló ṣáájú òwò

Ọdún 1866 ni wọ́n bí Jacob Kẹ́hìndé Coker, ọmọ Ẹ̀gbá tó ṣòwò ní ìlú Èkó kó tó kọjú sí oko kòkó ní Ìfakọ̀, lẹ́bàá Agége. Ní 1901, ó wà lára àwọn aṣáájú tó ya kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà láti dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀. Ní 1907, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀, òun sì ni ààrẹ wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ láti ìlú òkè ló ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn oko wọ̀nyí. Yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà, wọ́n kọ́ bí a ṣe ń gbin kòkó, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ àti bí a ṣe ń sá a. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, wọ́n mú ìmọ̀ náà dání. Báyìí ni kòkó ṣe tàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, títí dé Oǹdó. Ta ni yóò fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ gbin igi tó ń gba ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó so, nítorí ọ̀rọ̀ àlejò tí kò mọ̀ rí? Ọmọ ilé wọn ni wọ́n gbọ́ tirẹ̀.

Coker kú ní 1945. Àgbẹ̀ kòkó ṣì pọ̀ ní Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ ta irúgbìn tàbí oògùn kòkó fún wọn, kó kọ́kọ́ bá wọn dé oko. Ẹni tí àgbẹ̀ bá mọ̀ ló ń fọkàn tán.