Marie Van Brittan Brown: Nọ́ọ̀sì Tí Ó Fi Kámẹ́rà Ṣọ́ Ilẹ̀kùn

Nọ́ọ̀sì kan ni a fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún yín.

Ní ọdún 1922 ni a bí Marie Van Brittan Brown ní àdúgbò Jamaica ní Queens, nínú ìlú New York ní Amẹ́ríkà. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ni. Albert, ọkọ rẹ̀, mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná. Àkókò iṣẹ́ wọn kò bára mu, nítorí náà Marie a máa dá wà nílé lóru. Olè pọ̀ ládùúgbò wọn, ọlọ́pàá kì í sì í tètè dé. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn lóru, ẹ̀rù ni.

Marie kò jókòó ti ẹ̀rù. Òun àti ọkọ rẹ̀ ro ọgbọ́n kan. Wọ́n ṣètò ihò kéékèèké mẹ́rin sára ilẹ̀kùn, ọ̀kan lókè èkejì: ti òkè fún ẹni gíga, ti ìsàlẹ̀ pátápátá fún ọmọdé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, nínú ilé, ni kámẹ́rà wà, ẹ̀rọ ni ó sì ń gbé e lọ sókè sódò láti ihò dé ihò. Àwòrán àlejò a máa hàn lórí tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá, onílé a sì lè bá a sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹni rere, bọ́tìnì kan a ṣí ilẹ̀kùn. Bí ó bá jẹ́ ẹni ibi, òmíràn a ké sí ọlọ́pàá.

Wọ́n kọ̀wé sí ìjọba ní August 1, 1966. Ní December 2, 1969, ìjọba fún wọn ní ìwé àṣẹ olùdásílẹ̀, orúkọ Marie ni ó sì ṣáájú. Àwọn tí ó ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wọn tọ́ka sí iṣẹ́ wọn. Marie kú ní ọdún 1999, ní ẹni ọdún 76.

Ihò ìsàlẹ̀ yẹn ni ó wú wa lórí jù. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í sábà rántí pé ọmọdé náà lè wá kan ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n Marie rántí. Kì í ṣe kí ó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn nìkan ni ó ṣe ń ṣọ́nà, bí kò ṣe kí ó lè mọ ẹni tí yóò ṣí i fún. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ilé wa dáadáa, ṣùgbọ́n kí odi gíga àti géètì má sọ wá di ẹni tí kò rí aláìní lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

Kí Olúwa dáàbò bo ilé gbogbo wa. Àmín.