ÌTÀN ÌGBÉSÍ AYÉ WÒLÍÌ WILLIAM WADÉ HARRIS, ẸNI TÍ Ó FI ẸSẸ̀ LÁSÁN RIN Ọ̀NÀ ÌHÌNRERE

Bí a ti ń dúpẹ́ lónìí, ó yẹ kí á rántí àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà ìhìnrere kí mọ́tò tó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Wòlíì William Wadé Harris.

ÌBÍ ÀTI IṢẸ́ RẸ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1860 ni a bí i létí òkun nítòsí Cape Palmas, ní ilẹ̀ Làìbéríà. Ẹ̀yà Grebo ni. Ìyá rẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́ Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Nígbà èwe rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, iṣẹ́ náà sì gbé e dé Èkó wa níhìn-ín. Ní 1885 ó fẹ́ Rose Farr ní ìyàwó. Lẹ́yìn náà ó di tíṣà àti katikíìsì lábẹ́ Ìjọ Episcopal, ó sì tún ń ṣe ògbufọ̀ fún ìjọba.

Ní 1909 ọ̀rọ̀ òṣèlú kó o sí wàhálà. Ìjọba Làìbéríà fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó wà ní 1910 tí áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì fi fara hàn án nínú ìran, gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti jẹ́rìí. A pàṣẹ fún un pé kí ó bọ́ aṣọ òyìnbó àti bàtà sílẹ̀, kí ó wọ aṣọ funfun, kí ó sì lọ wàásù.

ÌRÌN ÀJÒ NÁÀ

Ní ọjọ́ 27 oṣù July, 1913, ó fi ẹsẹ̀ kúrò nílé, ó sọdá odò Cavally bọ́ sí ilẹ̀ Ivory Coast, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Faransé. Ó ti lé ní ẹni 50 ọdún nígbà náà o. Obìnrin méjì tí ó ń kọrin bá a lọ, Helen Valentine àti Mary Pioka. Ẹrù wọn kò pọ̀: Bíbélì, ọ̀pá àgbélébùú tí a fi ọparun ṣe, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti abọ́ omi ìrìbọmi. Ó tán.

Láti ibẹ̀ dé Axim ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana lónìí, ó ju 300 máìlì lọ. Yanrìn etí òkun, ọ̀sà àti àbàtà ni wọ́n ń là kọjá, nínú oòrùn àti òjò, láìsí bàtà. Kò sí ìjọ kan tí ó ń san owó oṣù fún wọn. Wòlíì náà kì í gba owó. Oúnjẹ àti ibi ìsùn nìkan ni ó ń gbà lọ́wọ́ àwọn ará abúlé.

Ibi tí ó bá dé, ẹni tí ó bá kó òrìṣà àti oògùn rẹ̀ jáde kí a sun ún, lójú ẹsẹ̀ ni yóò ṣe ìrìbọmi fún un. Ó ń yan àwọn olórí àti àpọ́sítélì méjìlá sínú abúlé láti máa tọ́jú agbo, ó sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa retí àwọn olùkọ́ tí yóò mú Bíbélì wá. Láàárín nǹkan bí oṣù 18, ó ju 100,000 ènìyàn tí ó ṣe ìrìbọmi fún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún iye yẹn kà!

ÌYÀ TÍ Ó JẸ

Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914. Ẹ̀rù ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí ó ń tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn Faransé. Ní ìparí ọdún náà wọ́n mú òun àti àwọn obìnrin rẹ̀, wọ́n nà wọ́n, wọ́n sì tì wọ́n mọ́lé. Kò pẹ́ tí Helen Valentine fi kú nítorí ìyà náà. Ní January 1915 wọ́n lé Wòlíì padà sí Làìbéríà. Léraléra ni ó gbìyànjú láti padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ẹ̀mí. Léraléra ni wọ́n dá a dúró. Kò jókòó sílé: ó ń rìn káàkiri Làìbéríà, ó sì dé Sàró, títí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọlù ú ní nǹkan bí 1925. Ó sùn nínú Olúwa ní April 1929, nínú ipò òtòṣì.

ÈSO IṢẸ́ RẸ̀

Ní 1924, òyìnbó ajíhìnrere Mẹ́tọ́díìsì kan, William Platt, dé Ivory Coast. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó bá tí wọ́n ti ń dúró fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, tí wọn kò padà sídìí òrìṣà. Àwọn kan kò tilẹ̀ lè ka Bíbélì, síbẹ̀ wọ́n di ìgbàgbọ́ mú. Títí dòní ni Ìjọ Harris wà ní ilẹ̀ náà.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Aládùúrà ti wá. Àwọn bàbá wa ní ìpè tiwọn. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun kan náà ni, ẹsẹ̀ lásán kan náà ni. Ẹni tí ó gbìn kò láǹfààní láti kórè, síbẹ̀ kò kábàámọ̀. Lónìí tí mọ́tò ń gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ilé àdúrà, òjò díẹ̀ ha yẹ kí ó dá wa dúró sílé lálẹ́ ọjọ́ ìṣọ́ òru bí? Bí ẹsẹ̀ bá ń dun wa, ẹ jẹ́ kí á rántí àbàtà yẹn.

Kí Olúwa fún wa ní irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀. Àmín.

Akọ̀wé Ìjọ