Salim Ali: Ọmọ òrukàn tó fi wíwo ẹyẹ gba irà àti igbó là ní Íńdíà

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdọọdún, àwọn olùwòye ẹyẹ ní Íńdíà máa ń ṣe ìrántí ọjọ́ ìbí Salim Ali, ẹni tí gbogbo ilẹ̀ náà mọ̀ sí ọkùnrin ẹlẹ́yẹ.

Kò kàwé gboyè ní yunifásítì, kò sì sí lára àwọn olówó ìlú. Síbẹ̀, bó bá sọ̀rọ̀ lórí irà tàbí igbó kan, olóòtú ìjọba máa ń tẹ́tí sí i. Ohun méjì ló fún un ní irú iyì yìí: ẹgbẹ́ kan tó gbà á wọlé nígbà tó wà lọ́mọdé, àti àkọsílẹ̀ ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí, èyí tó ń ṣe fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún.

Ológoṣẹ́ tó yí ìgbésí ayé rẹ̀ padà

Ìlú Bombay, tí a ń pè ní Mumbai lónìí, ni wọ́n bí Salim Ali sí lọ́dún 1896, nínú ìdílé Mùsùlùmí. Òun ni àbíkẹ́yìn àwọn òbí rẹ̀. Kò ju ọmọ ọdún kan lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ìyá rẹ̀ náà kú nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Arákùnrin ìyá rẹ̀, Amiruddin Tyabji, àti ìyàwó rẹ̀, Hamida, ló tọ́ ọ dàgbà.

Nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó fi ìbọn ìṣeré pa ológoṣẹ́ kan. Bó ṣe gbé e lọ́wọ́, ó rí àmì aláwọ̀ ìyeyè lọ́fun rẹ̀, èyí tí kò sí lára àwọn ológoṣẹ́ tó mọ̀. Ó bi arákùnrin ìyá rẹ̀ léèrè irú ẹyẹ tó jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni náà kò mọ̀ ọ́n. Ló bá kọ lẹ́tà lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó ní kó lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Bombay Natural History Society, BNHS.

Ènìyàn mẹ́jọ péré tó ń gbé Bombay ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1883, kí wọ́n lè máa fi ohun tí wọ́n bá rí nínú igbó han ara wọn. Akọ̀wé rẹ̀ nígbà náà, W.S. Millard tó jẹ́ Òyìnbó, kò lé ọmọdé náà padà. Ó sọ orúkọ ẹyẹ náà fún un, ó ṣí àpótí tí wọ́n kó àwọn òkú ẹyẹ tí wọ́n ti ṣe lọ́jọ̀ sí fún un wò, ó sì yá a ní ìwé. Láti ọjọ́ náà ni Salim Ali ti di ara ilé ẹgbẹ́ yìí.

Iṣẹ́ bọ́, ẹ̀gà dáhùn

Ẹ̀kọ́ ilé-ìwé kò rọrùn fún un. Ó lọ sí Burma láti bá àwọn ẹbí rẹ̀ ṣòwò igi gẹdú àti ìwakùsà, ṣùgbọ́n ẹyẹ inú igbó ibẹ̀ ló ń gba ọkàn rẹ̀ ju ọjà lọ, òwò náà kò sì yọrí sí rere. Lọ́dún 1918 ó fẹ́ Tehmina níyàwó. Nígbà tó wá iṣẹ́ onímọ̀ ẹyẹ ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ẹranko, wọn kò gbà á nítorí pé kò ní oyè yunifásítì.

Lọ́dún 1926, ó rí iṣẹ́ olùtọ́nisọ́nà sí mùsíọ́ọ̀mù kan ní Bombay. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó lọ sí Berlin ní Jámánì láti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Erwin Stresemann, ọ̀kan lára àwọn àgbà onímọ̀ ẹyẹ ayé ìgbà náà. Nígbà tó fi máa padà dé lọ́dún 1930, wọ́n ti fagi lé ipò rẹ̀ nítorí àìsówó.

Òun àti Tehmina kó lọ sí Kihim, abúlé kan létí òkun nítòsí Bombay. Níbẹ̀ ni ó ti jókòó ti irú ẹ̀gà kan tí wọ́n ń pè ní baya. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ìtẹ́ ẹ̀gà tó ń fì lórí ọ̀pẹ lóko wa yóò mọ irú iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹyẹ yìí ń ṣe. Salim Ali ṣàkíyèsí pé akọ ló ń hun ìtẹ́, pé bó bá hun ún dé ìdajì, abo á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìtẹ́ bá wu abo, á gbà á, akọ á sì parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni akọ yóò bẹ̀rẹ̀ ìtẹ́ mìíràn fún abo mìíràn. Àkọsílẹ̀ yìí ló sọ ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ di ẹni tí àwọn onímọ̀ ń dárúkọ.

Lẹ́yìn èyí ló gba ọ̀dọ̀ àwọn ọba ilẹ̀ Íńdíà lọ. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n san owó ìrìn-àjò nìkan, òun yóò sì ka ẹyẹ ilẹ̀ wọn láì gba owó iṣẹ́. Báyìí ni ó ṣe rin Hyderabad, Travancore, Cochin àti àwọn ilẹ̀ mìíràn já, tí Tehmina sì ń bá a pàgọ́ kiri. Ikú Tehmina lọ́dún 1939, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kékeré kan, mì ín púpọ̀.

Lọ́dún 1941, ó gbé ìwé The Book of Indian Birds jáde. Ìwé náà fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí kò le kọ́ ará ìlú bí wọ́n ṣe lè dá ẹyẹ mọ̀ láì yìnbọn sí i. Jawaharlal Nehru, tó wà lẹ́wọ̀n àwọn Òyìnbó amúnisìn nígbà náà, fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, Indira. Àwọn méjèèjì ló padà di olóòtú ìjọba Íńdíà.

Irà Bharatpur

Nígbà tí Íńdíà gba òmìnira lọ́dún 1947, ọ̀pọ̀ Òyìnbó tí ń san owó ẹgbẹ́ padà sílùú wọn, àpò BNHS sì gbẹ. Salim Ali kọ̀wé sí Nehru, ìjọba sì ṣèrànwọ́ tí ẹgbẹ́ náà kò fi tú ká.

Àsìkò yìí gan-an ni irà Keoladeo ní Bharatpur bọ́ sínú ewu. Ibẹ̀ ni ọba ìlú náà ti máa ń gba àwọn àlejò ńlá ní àlejò láti yìnbọn pa pẹ́pẹ́yẹ igbó tó ń ṣí wá láti ilẹ̀ òtútù. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún 1938, nígbà tí Lord Linlithgow, aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì, wá síbẹ̀, ẹyẹ 4,273 ni wọ́n pa. Lẹ́yìn òmìnira, àwọn kan fẹ́ kí wọ́n fa omi irà náà gbẹ kí àgbẹ̀ lè dáko níbẹ̀. Salim Ali gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Nehru, irà náà sì di ibi ààbò ẹyẹ lọ́dún 1956, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò fòpin sí ọdẹ pátápátá títí di 1972.

Láti 1959, pẹ̀lú ìrànwọ́ àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí fi òrùka irin onínọ́ńbà sí ẹsẹ̀ àwọn ẹyẹ aṣíkiri. WHO fẹ́ mọ̀ bóyá ẹyẹ ló ń gbé kòkòrò àrùn kan wọ Íńdíà. Salim Ali rí i gẹ́gẹ́ bí àǹfààní láti mọ ibi tí ẹyẹ ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ.

Bharatpur kan náà ló kọ́ àwọn olùdáàbòbò ẹyẹ ní ẹ̀kọ́ kíkorò. Nígbà tí irà náà di ọgbà ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 1982, ìjọba fi òfin de ìjẹko níbẹ̀. Salim Ali àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn tó ti ń pè fún ìgbésẹ̀ yìí. Àwọn ará abúlé tí ẹfọ̀n tí wọ́n ń sìn ti ń jẹko níbẹ̀ tipẹ́ fárí gá, ọlọ́pàá yìnbọn, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ìwádìí ọlọ́dún pípẹ́ tí BNHS fúnra rẹ̀ ṣe wá fi hàn pé láìsí ẹfọ̀n, koríko ń bo ojú omi, ẹyẹ sì ń dín kù. Ẹgbẹ́ náà tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, bó tilẹ̀ tako èrò aṣáájú wọn.

Àfonífojì tí wọn kò sé omi rẹ̀

Ní ìpínlẹ̀ Kerala, ìjọba fẹ́ sé odò tó gba Silent Valley kọjá láti fi ṣe iná mànàmáná. Omi ìsédò náà ì bá bo igbó àìro tó kún fún ẹranko àti ewéko tó ṣọ̀wọ́n. Àwọn olùkọ́, akéwì àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Kerala dìde. Salim Ali, tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, bẹ Indira Gandhi pé kó dá iṣẹ́ náà dúró. Wọ́n fagi lé ìsédò náà, igbó náà sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 1984.

Ohun tó fi sílẹ̀

Òun àti S. Dillon Ripley ará Amẹ́ríkà kọ ìwé alápá mẹ́wàá lórí ẹyẹ ilẹ̀ Íńdíà àti Pakistan láàárín 1964 sí 1974. Ìjọba fi oyè Padma Vibhushan dá a lọ́lá lọ́dún 1976, wọ́n sì yàn án sí ilé aṣòfin àgbà lọ́dún 1985. Owó tó bá ẹ̀bùn Getty wá, inú àpò ìdáàbòbò ẹ̀dá ni ó dà á sí. Ó kú ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà 1987, lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún.

Irú iṣẹ́ tó ṣe kò jìnnà sí wa. Láti 2015, Nigerian Bird Atlas Project, tí ojúkò rẹ̀ wà nílùú Jos, ń gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ olùwòye ẹyẹ káàkiri Nàìjíríà. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni Ibadan Malimbe wà, ẹyẹ kan láti ìdílé ẹ̀gà, igbó tó sì ń gbé ń pòórá lójú oko àti ilé. Láìsí àwọn tó ń lọ kà á, tí wọ́n sì ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò gbé síwájú ìjọba lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ igbó náà bá délẹ̀.