Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àdúrà aboyún ní ilẹ̀ Yorùbá ti jẹ́ ọ̀kan náà: kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì gbọ́ ohùn ọmọ. Ní Òṣogbo, etí odò Ọ̀ṣun ni ọ̀pọ̀ ti ń tọrọ rẹ̀. Ní Iléṣà, àwọn àgbà a máa fi í ṣe ìwúre. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹni kan tí ó mọ ìkorò yìí nínú ilé bàbá rẹ̀ ni Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà.

Ìlú Freetown ní ilẹ̀ Sàró ni a bí i sí ní ọdún 1861. Ọmọ Iléṣà ni bàbá rẹ̀, tí a kó lẹ́rú kí ó tó di òmìnira ní Sàró. Alexander Johnson Williams ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọmọ náà. Ní ọdún 1876, ìdílé wọn ṣí wá sí Èkó. Christopher Sapara Williams, ẹni tí ó di amòfin àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Ògúntọ́lá kọ́kọ́ kọ́, lẹ́yìn èyí ni ó di apòògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba. Nígbà tí ó ṣe, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kú sórí ìkúnlẹ̀ ní Èkó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í sunkún tán tí wọn a sì gba kámú. Ṣùgbọ́n òun pinnu láti di dókítà. Ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kẹ́kọ̀ọ́, ó sì gba oyè ìṣègùn ní ilẹ̀ Scotland ní ọdún 1895.

Ní àkókò náà, ìmọ̀ nípa oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni. Ní ọdún 1859, Claude Bernard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ṣe àwárí pé ibi ọmọ kì í ṣe ohun tí a kàn ń sin lẹ́yìn ìbímọ. Láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ni ibi ti ń gba oúnjẹ, tí ìwọ́ sì ń gbé e fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ibi a máa fi díẹ̀ pamọ́, bí àgbẹ̀ ti í kó àgbàdo sínú àká. Lónìí, a mọ̀ pé ọmọ inú oyún náà ní àpamọ́ tirẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú ọkàn. Bí ìrọbí bá le, tí atẹ́gùn tí ọmọ ń rí gbà bá dín kù, àpamọ́ yìí ni ó ń ná. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá bá ti dí ọ̀nà oúnjẹ ọmọ, àká ọmọ náà kì í kún; ó ń tètè rẹ̀ ẹ́, lílù ọkàn rẹ̀ a sì yí padà. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀bí fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ aboyún ti ń ru, tí ó sì ń fetí sí ọkàn ọmọ nígbà ìrọbí.

Ní ọdún 1896, Sàpárà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dókítà lábẹ́ ìjọba ní Èkó. Ó pa orúkọ òyìnbó tì, aṣọ Yorùbá ni ó ń wọ̀, ó sì ń wádìí ewé àti egbò. Láti gbógun ti ṣọ̀pọ̀nná, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn abọ̀rìṣà rẹ̀. Ó rí i pé àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ tan àrùn náà kálẹ̀, ìjọba sì fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Ó ṣe akitiyan kí a tó dá ilé oògùn Massey Street sílẹ̀ ní Èkó. Lẹ́yìn ìgbà náà, ibẹ̀ di ilé ìgbẹ̀bí, kí ó tó wá di ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé.

Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1928, ó sì kú ní ọdún 1935. Kò lè jí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n ní ojúlé tí ó ṣe akitiyan fún, ọ̀pọ̀ ìyá ni ó sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ní Iléṣà, ìlú bàbá rẹ̀, àwọn aboyún ń lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild títí di òní. Ẹni tí ó bá tètè lọ fi orúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe pé ó pa àdúrà àwọn àgbà tì. Ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ran àdúrà náà lọ́wọ́ ni.